Ṣé kí n fi díẹ̀ sílẹ̀ lórí káàdì, àbí kí n san gbogbo ẹ̀ tán?

Ìbéèrè:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá ẹjọ́ kan. Oṣù kẹjọ mi rèé ní Houston. Báńkì fún mi ní credit card kan, $500 ni òdiwọ̀n ẹ̀. Lóṣù tó kọjá, máàkì credit mi, nọ́ńbà tí àwọn ayánilówó fi ń mọ bí èèyàn ṣe ń san gbèsè, wà ní 698. Mo wá fi káàdì yẹn ra táyà mẹ́rin, $460. Mo san gbogbo ẹ̀ kí ọjọ́ ìsanwó tó pé, mi ò jẹ wọ́n ní kọ́bọ̀. Ìgbà tí mo máa tún wo máàkì mi, ó ti di 641! Ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní èmi ni mo jẹ̀bi, pé mi ò gbọ́dọ̀ máa san án tán, kí n máa fi díẹ̀ sílẹ̀ lóṣooṣù kí báńkì lè máa rí mi. Ìyàwó mi ní irọ́ ni, gbèsè ni gbèsè ń jẹ́. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Kí ló sì dé tó jẹ́ ẹni tó san gbèsè ni wọ́n ń fìyà jẹ?

* * *

Àbúrò mi, ìyàwó ẹ ló jàre. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì yín náà ò purọ́ tán, apá kan ọ̀rọ̀ ló gbọ́. Jẹ́ ká kọ́kọ́ wá $460 ẹ lọ.

Ọjọ́ méjì ló wà lára káàdì kọ̀ọ̀kan lóṣù. Ọjọ́ kan wà tí báńkì ń pa ìṣirò oṣù dé, tí statement ń jáde. Ọjọ́ kejì ni gbèdéke ìsanwó. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2009, CARD Act, ní wọ́n gbọ́dọ̀ fi statement ránṣẹ́ sí ọ, ó kéré tán, ọjọ́ mọ́kànlélógún ṣáájú gbèdéke. Ibi tí gbogbo wa ti ń ṣìnà nìyí: ìgbà tí statement bá jáde ni ọ̀pọ̀ báńkì ń ròyìn ẹ fún Equifax, Experian àti TransUnion, iléeṣẹ́ mẹ́ta tó ń tọ́jú fáìlì gbèsè gbogbo wa. Wọn kì í dúró kí o sanwó kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ròyìn tìẹ, $460 ló wà lórí káàdì $500, ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún. Lójú ẹni tó ń ka fáìlì yẹn, o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ná gbogbo ohun tí wọ́n gbé lé ọ lọ́wọ́. Kò rí owó táyà tó wà nínú àkáǹtì ẹ tó ń dúró de gbèdéke.

O ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí ẹnu ẹ kún fún oúnjẹ ni wọ́n ya fọ́tò ẹ.

Lóṣù yìí, má ná ju $40 lọ lórí ẹ̀. Jẹ́ kí statement jáde, kí o wá san án tán. Nínú FICO 8, ìlànà ìṣirò máàkì tí ọ̀pọ̀ ayánilówó ń lò, iye tí o jẹ lóṣù tó kọjá ò ní ìrántí. Tí nọ́ńbà tuntun bá ti wọlé, ti àtijọ́ ti lọ nìyẹn. Tó bá sì tún di dandan kí o fi káàdì kékeré ra nǹkan ńlá, san èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin kí statement tó jáde. Kò sófin tó ní kí èèyàn dúró de bíìlì kó tó sanwó.

* * *

Mo ti ka ohun tí ẹ kọ sábẹ́ tèmi. Ó tó èèyàn mẹ́fà tó ní kó máa fi $20, $30 sílẹ̀ láìsan, pé bí tiwọn ṣe gòkè nìyẹn. Ẹ má bínú sí mi o. Máàkì yín gòkè torí pé ẹ ń sanwó lásìkò. Èlé tí ẹ san lórí $30 yẹn, ẹ fi ta báńkì lọ́rẹ ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá rèé. Tí gbogbo káàdì tó wà lọ́wọ́ èèyàn bá ń ròyìn òdo lóṣooṣù, máàkì lè fi díẹ̀ wálẹ̀, á dà bíi pé kò lo káàdì rárá. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n fi ń jẹ́ kí $10 tàbí $15 hàn lórí statement, tí wọ́n á wá san án tán kí gbèdéke tó dé. Kó hàn lórí statement, kò burú. Kó rékọjá gbèdéke, ibẹ̀ ni ìjàngbọ̀n wà. Ẹnì kan gbọ́ ìdajì àkọ́kọ́, kò dúró gbọ́ èkejì, ó ti lọ ń kọ́ ará ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe é. Ká ní o jẹ $1,000 lórí káàdì tí èlé ẹ̀ jẹ́ ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Èlé oṣù kan á tó nǹkan bíi $20. Báńkì kọ̀wé pé tí o bá ti san $30 péré lóṣù yìí, kò síjà. O san $30, ọkàn ẹ balẹ̀, o rò pé ó ku $970. Rárá o. $20 ti bá èlé lọ, $10 ló wọlé, o ṣì jẹ $990. Oṣù tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni. Nílé, sọgúndogójì là ń pe irú ayánilówó bẹ́ẹ̀, tó ń sọ ogún di ogójì, ọmọlúàbí kì í sì fẹ́ kí wọ́n rí òun lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀. Níbí, nínú àpò ìwé ló ti ń fi káàdì aláwọ̀ búlúù ránṣẹ́ síni, a ó sì máa ya fọ́tò ẹ̀ fi han ọ̀rẹ́.

Ohun kan tún wà tí wọn kì í pariwo ẹ̀. Tó o bá ti jẹ́ kí gbèsè rékọjá gbèdéke, àyè ọ̀fẹ́ tí wọ́n fún ọ, ìyẹn àkókò tí wọn kì í gba èlé lórí ohun tó o rà, ti bọ́. Ìrẹsì tó o bá fi káàdì yẹn rà lọ́la, láti ọ̀la yẹn ni èlé ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Owó tó o bá sì fi credit card yọ lẹ́nu ATM kò ní àyè ọ̀fẹ́ kankan láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á tún gba owó iṣẹ́ lé e. Mo mọ ẹni tó yọ ọ́ láti fi ra aṣọ ẹbí. Aṣọ náà ti ṣá kó tó san án tán.

* * *

Ẹni tó ní ká sọ bí wọ́n ṣe ń pín máàkì náà, FICO fúnra wọn ti sọ ọ́: 35 fún ìtàn ìsanwó, 30 fún iye tó o jẹ, 15 fún bí fáìlì ẹ ṣe pẹ́ tó, 10 fún àwìn tuntun, 10 fún oríṣiríṣi àwìn tó o ní. 300 ni ìsàlẹ̀, 850 ni òkè. Méjì àkọ́kọ́ ti kó 65 nínú ọgọ́rùn-ún. Èmi ò tíì fi ìyókù pàdánù oorun rí.

Ẹni tó fi ọjọ́ márùn-ún pẹ́, tó ń sunkún pé òun ti ba credit òun jẹ́, nu ojú ẹ. Wọ́n lè gba owó ìtanràn, ṣùgbọ́n wọn kì í ròyìn ẹ sínú fáìlì àyàfi tó bá pé ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn gbèdéke. Tó bá wá wọbẹ̀, ọdún méje ló ń lò. San án lónìí, lẹ́yìn náà kí o pe báńkì kí o bẹ̀ wọ́n nítorí owó ìtanràn. Wọ́n ti dá a padà fún mi rí, mi ò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lórí fóònù.

Àwọn tó ń jà lórí kí báńkì máa yọ owó fúnra ẹ̀: ẹ̀yin méjèèjì lẹ ní òtítọ́. Ẹni tó ní kò dáa, tó ní wọ́n yọ owó òun lọ́jọ́ tí owó ilé fẹ́ jáde, mo gbà, ó máa ń ṣẹlẹ̀. Bí èmi ṣe ń ṣe tèmi ni pé mo fi yíyọ náà sí iye tó kéré jù, kí oorun iṣẹ́ alẹ́ má bàa mú mi gbàgbé. Ìyókù, ọwọ́ ara mi ni mo fi ń san án tí owó iṣẹ́ bá ti wọlé. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ bí ọjọ́ ṣe ń dàpọ̀ mọ́ra lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́ mẹ́ta.

* * *

Ọ̀rọ̀ onígbọ̀wọ́ tí ẹnì kan dá sílẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Lọ́dún 2014, ọmọ ìlú wa kan fẹ́ ra mọ́tò. Wọ́n ní credit ẹ̀ ò tó, kó mú ẹnì kan wá. Mo bá a fọwọ́ sí i. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé ni: kí wọ́n ṣáà mọ̀ pé ẹnì kan mọ̀ ọ́n, pé kò ní sá lọ. Mi ò mọ̀ pé láti ọjọ́ yẹn, gbogbo gbèsè mọ́tò náà ti wọ inú fáìlì tèmi bíi pé èmi ni mò ń wà á. Ó san án dáadáa fún bí ọdún kan. Ó tiẹ̀ fi gbé mi lọ síbi ìgbéyàwó kan, ó ń bi mí bóyá AC tutù tó.

Mi ò gbọ́ nǹkan kan títí mo fi lọ wá ilé míì. Obìnrin tó jókòó síbẹ̀ ń wo kọ̀ǹpútà ẹ̀, ó dákẹ́, ó wá yí ojú ẹ̀ sọ́dọ̀ mi kí n fojú ara mi rí i. Oṣù méjì ni wọn ò tíì san. Máàkì mi ti fi ohun tó lé ní ọgọ́rin wálẹ̀. Mo pè é, kò gbé e. Mo pe ìyá ẹ̀ nílé, ìyá ní òun á bá a sọ̀rọ̀. Èmi ni mo san oṣù méjèèjì. Àmì ìpẹ́sanwó yẹn, ọdún méje gbáko ló fi wà lára mi, gẹ́gẹ́ bí òfin wọn.

Ẹni tó ní ẹbí ò gbọ́dọ̀ kọ̀ fún ẹbí, ẹ ṣeun. Tí agbára bá wà, ẹ fún un ní owó kẹ́ ẹ sì gbàgbé ẹ̀. Owó tó bá lọ, iye ẹ̀ náà ló lọ.

* * *

Ẹ̀yin ìbejì, ẹ sún mọ́bí, nítorí àwọn tó kù ò lè mọ èyí.

Táíwò ni mí. Ọdún 2009 lèmi àti Kẹ́hìndé, ẹ̀gbọ́n mi, jọ wọ Maryland. Orúkọ bàbá kan náà, ọjọ́ ìbí kan náà, ilé kan náà. Kó tó di àárín ọdún 2011, nọ́ńbà Social Security, tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń dá olúkúlùkù mọ̀, máa ń tẹ̀ léra. Ti àwa méjèèjì, ẹyọ nọ́ńbà ìkẹyìn ló yàtọ̀. Lọ́jọ́ kan mo ka fáìlì mi, mo rí gbèsè ṣọ́ọ̀bù àga kan níbẹ̀. Àga yẹn, mo mọ̀ ọ́n, orí ẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí tí mo bá lọ kí Kẹ́hìndé. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo rà á.

Mo kọ̀wé pé kì í ṣe tèmi. Òfin ọdún 1970 tí wọ́n ń pè ní Fair Credit Reporting Act fún wọn ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti wádìí. Èsì àkọ́kọ́ ní àwọn ti wádìí, tèmi ni. Ni mo bá pe Kẹ́hìndé, a kó ìwé ìbí àwa méjèèjì, káàdì Social Security àwa méjèèjì, a jọ fi ẹ̀dà wọn sínú àpò ìwé kan, a fi ránṣẹ́ lọ́nà tí ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. A kọ ọ́ gàdàgbà lókè: ÈÈYÀN MÉJÌ NI WÁ. Lédè òyìnbó o. Ìgbà yẹn ni wọ́n yọ ọ́.

Kì í ṣe ìbejì nìkan. Olúwaṣeun lórí fọ́ọ̀mù kan, Seun lórí òmíràn, orúkọ àárín tó wá di orúkọ ìdílé: ẹ mú sípẹ́lì kan, kẹ́ ẹ máa lò ó níbi gbogbo. Kẹ́ ẹ sì máa ka fáìlì yín ní annualcreditreport.com, ọ̀fẹ́ ni lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kíka tara ẹni kì í mú máàkì wálẹ̀, ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ lókè yẹn ń dáyà fo àwọn èèyàn lásán.

* * *

Bàbá tó kọ ọ́ pé "Yorùbá kì í rajà láwìn, owó ọwọ́ ni kẹ́ ẹ máa ná," ẹ jọ̀ọ́ sà, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ìgbà wo? Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà ń kọ́? Aṣọ ni wọ́n ń kó kiri ìlú tí wọ́n ń tà láwìn, tí ọjọ́ bá pé wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n, wọn ò ní dìde títí tí yóò fi san án. Àwìn ti pẹ́ lọ́wọ́ wa. Ohun tí a ò ní tẹ́lẹ̀ ni pé kí ìlú kan tí a ò dé rí ti mọ iye ọjọ́ tí a fi pẹ́.

Owó ọwọ́ dáa. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mo dé, owó ọwọ́ ni mo gbé lọ bá onílé, ó ní òun ò rí nǹkan kan nípa mi, kì í ṣe rere, kì í ṣe búburú, kí n san oṣù méjì sílẹ̀. Àjọ tí mò ń dá pẹ̀lú àwọn obìnrin ibi iṣẹ́ mi, tí mi ò pa oṣù kan jẹ rí, kò sí nínú fáìlì kankan, torí kò sẹ́ni tó ń ròyìn ẹ̀. Ohun tí mo ṣe ni pé nígbà tí àjọ kàn mí, mo yọ $200 nínú ẹ̀, mo fi dógò lọ́dọ̀ báńkì, wọ́n fún mi ní káàdì $200. Owó ara mi ni mo ń yá! Mo ń fi ra epo mọ́tò lẹ́ẹ̀kan lóṣù, mò ń san án. Lẹ́yìn ọdún kan wọ́n dá $200 mi padà, wọ́n jẹ́ kí n máa lo káàdì náà lọ.

* * *

Ẹni tó wà ní Manchester, tiyín yàtọ̀. Kò sí máàkì kan ṣoṣo tí gbogbo báńkì ibẹ̀ ń lò, olúkúlùkù ló ń fojú ara ẹ̀ wo fáìlì yín, ọdún mẹ́fà sì ni ìpẹ́sanwó ń lò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní ìlú ọba ò mọ̀: Nàìjíríà wà nínú Commonwealth, nítorí náà ẹni tó ń gbébẹ̀ pẹ̀lú físà tó bófin mu lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Ìwé olùdìbò yẹn làwọn ayánilówó ń wò láti mọ̀ pé ẹ ń gbé ibi tẹ́ ẹ ní ẹ ń gbé. Ẹ forúkọ sílẹ̀, bẹ́ ò tiẹ̀ ní dìbò.

Ẹni tó bèèrè láti Ìbàdàn bóyá BVN òun máa tẹ̀ lé òun wá: kò ní tẹ̀ lé ọ. Tó o bá jẹ́ ẹni rere ní báńkì nílé, ọmọ tuntun ni wọ́n máa kà ọ́ sí níbí. Ṣùgbọ́n má tìtorí ẹ̀ fi gbèsè sílẹ̀ níbẹ̀ o. Láti 2020 ni GSI, ètò tí báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà gbé kalẹ̀, ti fún báńkì láyè láti fi BVN yọ gbèsè tó o jẹ wọ́n nínú àkáǹtì ẹ ní báńkì míì. Owó tó o bá fi ránṣẹ́ sí ara ẹ láti ibí lè má bá ọ pàdé.

Ẹni tó ń polówó "CPN," nọ́ńbà tuntun tí èèyàn máa fi bẹ̀rẹ̀ credit lọ́tun: ọ̀daràn ni ẹ́. Àwọn nọ́ńbà yẹn, ti ọmọ kékeré tàbí òkú ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹ má dáhùn in-box ẹ̀.

* * *

Àbúrò mi ti padà wá. Ó ní statement tuntun fi $38 hàn, ó ti san án, máàkì ti di 703. Ìyàwó ẹ̀, ó ní, ò jẹ́ kí òun gbádùn mọ́ nínú ilé.

Ó wá bèèrè ohun mẹ́ta. Èkíní, máàkì tó rí lórí fóònù jẹ́ 703, èyí tí ilé ìtajà mọ́tò rí jẹ́ 679, ta ló ń purọ́? Kò sẹ́ni tó purọ́. Ọ̀pọ̀ áàpù ń fi VantageScore, ìlànà máàkì míì tí kì í ṣe FICO, han èèyàn, àwọn onímọ́tò sábà máa ń lo irú FICO tiwọn. Ojú ọ̀nà ni kí o máa wò, bóyá ó ń gòkè tàbí ó ń wálẹ̀. Tó o bá sì fẹ́ wá èlé mọ́tò kiri, lọ sọ́dọ̀ gbogbo wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, FICO á kà á sí ìbéèrè kan ṣoṣo, ìyẹn ìgbà tí ayánilówó bá wo fáìlì ẹ torí pé o fẹ́ yáwó, tó sì lè fa máàkì wálẹ̀ díẹ̀. Káàdì ò rí bẹ́ẹ̀ o: káàdì mẹ́rin, ìbéèrè mẹ́rin.

Èkejì, ọmọbìnrin tó ń gbowó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní kó gba káàdì ṣọ́ọ̀bù àwọn kí wọ́n lè bu díẹ̀ kúrò nínú owó bàtà. Má gbà á. Bàtà ni o lọ rà.

Ẹ̀kẹta, ìyàwó ẹ̀ ò ní credit kankan, ṣé kí òun náà lọ fi owó dógò? Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ pe báńkì ẹ, ní kí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ kún káàdì ẹ, kí o sì bi wọ́n bóyá wọ́n máa ń ròyìn ẹni tí wọ́n fi kún un. Tí wọ́n bá ń ròyìn ẹ̀, ìtàn rere tó o ti ń kọ láti ìgbà tó o ti gbà á á wọ fáìlì tiẹ̀ náà. Tó o bá sì tún lọ ra táyà láìsọ fún un, á wọ tiẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà kọ ọjọ́ tí statement ń jáde sára fíríìjì, níbi tí ẹ̀yin méjèèjì á ti máa rí i, kí o sì jẹ́ kí òun máa ṣọ́ ọ.